Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Lókè Lẹ́tà

Àmì ìròpọ̀ ni mo ń lé kúrò nínú lẹ́tà ọkọ mi nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé sí kafé kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mówè.

Ọkọ mi máa ń bá àwọn kan lókè òkun tún sọ́fútíwíà kan ṣe. Tó bá ti ṣe àtúnṣe tán, á fi í ránṣẹ́ ní ímeèlì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ kékeré: ọjọ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, ohun tó yí padà. Òfin wọn ni pé kí àkọsílẹ̀ yẹn wà lókè lẹ́tà, bí ìgbà téèyàn ń kíni, kó má wọ inú àtúnṣe gangan, torí tó bá wọ ibẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì kan náà ni gbogbo wọn á máa dù, iṣẹ́ wọn á wá máa forí gbárí. Tiwa ń jáde pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, tó fi hàn pé inú àtúnṣe ló ń wọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà.

Ó ti lé lóṣù kan tí ọkọ mi ti wà ní ọsibítù, èmi ni mo sì ń bá a fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ láti kafé. Àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ wá yẹn ló kọ ìlà kan sẹ́yìn káàdì ọsibítù fún mi.

"Injiníà mi, inú fáìlì ètò tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ni kó o tẹ ìlà yìí sí. Má fi nǹkan kan kún un o, bó o ṣe máa ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ tí ẹ ń lá àwo ẹ̀ yẹn ńkọ́, Dádì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ṣáà jẹ́ kó wọlé. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀."

Mo tẹ ìlà náà, àmì ìròpọ̀ sì pòórá. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ni àbúrò rẹ̀ bá dé, gèlè lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, gbé báàgì ẹ, ká lọ."

"Ṣé wọ́n ti gbé e wọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ ni?"

Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. "Ó ti lọ."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi tẹ bọ́tìnnì, tí lẹ́tà náà lọ, kí n tó figbe ta.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, èsì ti wà nílẹ̀: wọ́n ti gbà á. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà. Níbi tí orúkọ ọkọ mi yẹ kó wà, "Kọ̀ǹpútà Kẹta" ni mo rí. Orúkọ tí ẹ̀rọ bá ń jẹ́ ló máa ń gbé síbẹ̀ téèyàn ò bá yí i padà, èmi náà ni mo sì fún àwọn ẹ̀rọ kafé lórúkọ. Mo bú sẹ́kún. Kọ́sítọ́mà kan bojú wẹ̀yìn: "Àǹtí, ṣé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ ni?"

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sẹ́kọ́ńdírì mi kọ̀wé sí wọn pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ti kú, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ dákun, ẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì. Wọn ò fọwọ́ kan ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Mo gbé ọmọ wa lé itan, mo fi ìka rẹ̀ tọ orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé inú ibí ni Dádì ń gbé báyìí?"

"Rárá, ọmọ mi. Dádì ti kú, kò ní padà wálé mọ́. Iṣẹ́ tó ṣe ni wọ́n kọ síbí, pé òun ló ṣe é. Ọjọ́ tó fi wá sílẹ̀ nìyí níwájú orúkọ ẹ̀. Tó o bá ti mọ̀wé kà, ìwọ ni kó o máa kà á fún mi, torí èmi kì í lè kà á dópin."