Kọ́kọ́rọ́ Etí Ìró Mi

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n sọ fún wa nílé ìwòsàn Dassa pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ìyá mi. Mo kó iyọ̀ òyìnbó, ìyẹn ṣúgà, àti oyin ilé wa sínú àpótí, mo tì í pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Ìyá mi bú mi títí. "Èmi ni mo bí ọ o, ìwọ kọ́ lo bí mi!" Mo ní kí wọ́n máa bú mi lọ. Olóríkunkun ni mí, ẹni tí mo jọ náà ló jókòó yẹn.

Nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn oníhóró, ọ̀kan láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ara wọn yá. Èèrà ò tilẹ̀ ṣù síbi tí wọ́n bá tọ̀ sí mọ́.

Ó wá di Ẹtì Rere. Àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ará òkè Dassa kì í fi ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣeré. Fadá ti ní kí aláìsàn jẹun, àmọ́ ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìsàn? Ìyá mi fi omi lo oògùn, wọ́n ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, oògùn nìkan la gbọ́, a ò gbọ́ oúnjẹ.

A ń gun òkè lọ síbi Ọ̀nà Àgbélébùú nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Níbi tí gbogbo èèyàn ti kúnlẹ̀, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti mu ọtí sódàbì yó," ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi. Áà, ojú tì mí! Mo fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo ń kùn lọ́nà.

Nílé, wọ́n nawọ́ sí àpótí. "Fún mi ní iyọ̀ òyìnbó díẹ̀. Ọmọ mi, jọ̀ọ́."

Ìyá mi kì í bẹ̀ mí. Ó yẹ kí n ti fura. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú. "Ẹ ò ní fọwọ́ ara yín pa ara yín lójú mi." Wọ́n dùbúlẹ̀. Mo rò pé oorun ni.

Nírọ̀lẹ́, mo jí wọn títí, wọn ò dáhùn. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì. Ó fa omi iyọ̀ òyìnbó sí wọn níṣan. Ó ní ọpọlọ náà ń jẹun, iyọ̀ òyìnbó inú ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀: tó bá pọ̀ jù, kò dáa, tó bá tán, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó bi mí pé ṣé kò sí iyọ̀ òyìnbó nílé wa ni. Mo fọwọ́ bo etí ìró mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n tó lajú. Mi ò sunkún, mi ò yọ̀, gbogbo inú mi ti kú. Mo bu omi fún wọn. Ìyá mi mu ún, wọ́n rọra dìde lórí ẹní, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ ṣé o," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi kí ìyá yín nílé."