Àlejò Tó Ń Ṣubú

Bàbá Kápẹ́ńtà kọsẹ̀ lára àpótí, ó ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó hán fìlà rẹ̀ lókè, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Èérún pákó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Ó ní, "Bí òyìnbó Amẹ́ríkà kan tí mo máa ń wò ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ogun Bìáfúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Port Harcourt níbi tí à ń gbé. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni bàbá mi, ará Ọ̀yọ́ sì ni aládùúgbò wa yìí. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wa, ṣùgbọ́n Bàbá Kápẹ́ńtà ti kan ògiri pákó fún ilé tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn rí, níbi tó ti ń wo aláwàdà òyìnbó yẹn. Bó bá ń fi ránńdà fá pákó, á máa sọ nípa rẹ̀.

"Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. Mo ní ó ti kú ni. Àṣé ó ti di olùdarí. Òun ló ń kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe máa ṣubú."

Mo bi í pé, "Kò dùn ún, Bàbá?"

"Á dùn ún kẹ̀! Ta ni ò fẹ́ káwọn èèyàn máa rẹ́rìn-ín nítorí òun?"

Nínú eré tó ń kọ́ wa fún ọdún Àjíǹde, èmi ni àlejò tó ń ṣubú. Orúnkún mi ti bó tán nítorí rẹ̀. Àfi bí ọmọbìnrin Ikwerre kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àti ìyá rẹ̀ ṣe ti inú igbó tí wọ́n sá sí dé. Bàbá ọmọ náà ò bá wọn dé. Ìyá rẹ̀ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ká má tíì sọ ẹ̀rín.

Bàbá Kápẹ́ńtà rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá. "You go fit fall?"

"I go fit, sah."

Ó yíjú sí mi. "Fún un ní ipò rẹ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù, kọ́ ọ."

Mo sunkún. Mo kórìíra ọmọ náà. Mo kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ lọ́jọ́ kìíní, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ṣubú, ó fara pa, ó dìde, ó ní, "Show me again, abeg." Ojú tì mí. Mo wá sọ àṣírí rẹ̀ fún un: tó o bá jókòó tán, má rẹ́rìn-ín, kàn máa wò wọ́n.

Lọ́jọ́ eré, ẹ̀yìn ìró tí a ta bí aṣọ ìkélé ni mo wà. Ọmọ náà ṣubú, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Ìyá rẹ̀ pariwo, "Chai! My pikin!" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Títí dòní, bí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí mo kọ́, ara máa ń ta mí díẹ̀, bíi ti ọjọ́ tí mo fi ipò mi sílẹ̀. N kì í bínú sí ara mi mọ́ nítorí ìyẹn. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá yẹn, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.