Jíà Kejì Níbi Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Afárá

Nítorí orúnkún màmá mi ni bàbá mi ṣe ra mọ́tò. Tíṣà ni àwọn méjèèjì. Ìlobù là ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ́n ni màmá mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń kọ́ni. Nígbà tí orúnkún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bàbá mi lọ sí Èkó, wọ́n wa tòkunbọ̀ aláwọ̀ ewé kan bọ̀. Ọtomátíìkì ni. Irú rẹ̀ kò tíì wọ àdúgbò wa rí, gbogbo ẹni tó yọjú wonú rẹ̀ ló ń wá kílọ́ọ̀ṣì tì.

Láyé ìgbà náà, epo ṣọ̀wọ́n, gbogbo awakọ̀ ọ̀dọ̀ wa ló sì ní ọgbọ́n kan: tí wọ́n bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á fi jíà sí fírì, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tẹ́jú. Ọ̀gá ni bàbá mi nínú iṣẹ́ yìí. Lójú ọ̀nà Ìfọ́n, wọ́n lè yí láti orí òkè dé afárá tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n tún gun òdìkejì díẹ̀, láìfẹsẹ̀ kan tọ́rótù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo. Wọ́n gbé àṣà náà wọ inú ọtomátíìkì. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́tà N, tó jẹ́ fírì, ló kàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí àwọn méjèèjì ń ti Ìfọ́n bọ̀, iṣu kún bùùtù. Kí wọ́n tó dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òórùn nǹkan tó ń jóná gba inú mọ́tò. Bàbá mi tẹ búrékì, ó rọ̀ wọlẹ̀. Wọ́n kọjá afárá, wọ́n ya wọ oko ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ ni mọ́tò ti dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Màmá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbọn ewé ẹ̀gẹ́ kúrò lára.

Wọ́n ní, “Bàbá wọn, ẹ ṣeun o. Èmi ò wọ̀ ọ́ mọ́.”

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé, pẹ̀lú orúnkún náà.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi á fọ mọ́tò láràárọ̀, màmá mi á sì tiro lọ wọ ọkọ̀ èrò. Àánú bàbá mi ṣe mí. Ìkórè ìjọ àwọn àna wọn ní Ìfọ́n sì ti kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo àna ló ti gbọ́ pé ọmọ Ìlobù ra mọ́tò fún ọmọ wọn. Bí ọmọ náà bá wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, wọn ò ní yé fi bàbá mi ṣẹ̀fẹ̀ títí ìkórè mìíràn.

Iṣẹ́ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo nígbà náà. Mo bá wọn gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan níbẹ̀. Ó pààrọ̀ páàdì búrékì, ó wá wò mí lójú.

“Àǹtí, ta ló ń fi ọtomátíìkì sí fírì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Búrékì nìkan lẹ kó gbogbo ẹrù lé lórí yẹn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ dín eré kù, ẹ fà á sí 2, kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ á máa fà yín sẹ́yìn. Á ké o, ariwo iṣẹ́ ni.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá mi. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ àná! Ogún ọdún ni mo ti ń wakọ̀.”

Ẹnu mi kì í gbélẹ̀. Mo ní, “Dádì, ogún ọdún yẹn náà ló ń mú Mọ́mì tiro lọ wọ ọkọ̀ èrò.”

Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi bá tiwọn wọlé lọ. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọn kọ́kọ́rọ́ sí mi létí: “Dìde, ká lọ.” Ẹ̀ẹ̀méje la sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ké, wọ́n yára dá jíà padà sí D tí wọ́n fi ń rìn tẹ́lẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan búrékì.

Lọ́jọ́ ìkórè, màmá mi ti gbé kúlà ọbẹ̀, wọ́n ń lọ wọ ọkọ̀ èrò. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn iwájú mọ́tò.

“Ìyá wọn, bí ọbẹ̀ yìí bá dà, ẹsẹ̀ ni màá fi rìn padà sílé.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu màmá mi láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò. Láti ìjókòó ẹ̀yìn tí mo wà, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi tó tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ gbagidi, àfi bíi pé búrékì wà níbẹ̀. Kí a tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bàbá mi fa jíà sí 2. Ẹ́ńjìnnì figbe ta.

“Kí ló ń ké yẹn?”

“Òun ló ń dì wá mú.”

A rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Kí a tó dé afárá, màmá mi ti gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n ti ń tún gèlè wé. Ọbẹ̀ kò dà. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi ti dolóògbé báyìí. Mọ́tò tí mò ń wà lónìí ń lo epo, ó tún ń lo bátìrì, lẹ́tà B ló sì ń ṣe iṣẹ́ jíà kejì nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á di mọ́tò mú, bátìrì á sì gba díẹ̀ nínú agbára náà pa mọ́. Iwájú ni màmá mi máa ń jókòó tí mo bá ń gbé wọn lọ sí Ìfọ́n. Bí a bá ti súnmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí mo fà á sí B, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

“Dádì yín ti dì wá mú.”