Antẹ́nà Suwaibat

Bí ẹ bá rí Suwaibat tó jókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì, ẹ yáa gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀rẹ́ mi ni, yàrá wa fara kanra ní Ajégúnlẹ̀, nítorí náà mo láṣẹ láti bú u. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó fọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ títí tó fi ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun, ó tún padà lọ fọ̀ ọ́.

"Suwé, ṣé o fẹ́ bó o láwọ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọjọ́ náà ni Alhaji Gbàdàmọ́sí, alága páàkì Boundary, fẹ́ sọ bóyá obìnrin lè tò sórí ìlà láti kó èrò lọ sí Malu Road. Látìgbà tó ti ń wa kẹ̀kẹ́, ojú títì ló ti ń já èrò gbà. Bí agbèrò bá yọ lọ́tùn-ún, á sá gba òsì. Kò sí ibi tó lè dúró sí kó ní tòun nìyí.

Kó tó di oníkẹ̀kẹ́, ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òkun kan ní Wharf Road ló ti ń gbálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ sọ nù, ó bá gbé e wálé. Àwọn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣọdẹ. Òmíràn ló ni ọkà, wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé, ó ní ohunkóhun kò ní hù mọ́ àfi tí wọ́n bá dá a padà. Ṣùgbọ́n Athena, tó dé akoto ogun tó mú ọ̀kọ̀ dání, ni ti Suwé. Ó wá ìtàn wọn kà lórí fóònù, ó ń kà á sí mi létí títí oorun fi ń gbé mi lọ.

"Ṣé o rí i, wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ló bá ní kí Linus, tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ ní Malu Road, bá òun kọ ATHENA gàdàgbà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Linus ò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó mọ̀ ló kọ: ANTENNA. Ó tún ya antẹ́nà tẹlifísọ̀n kékeré kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

"Suwé, wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lónìí o. Ṣé ká gbé e sórí òrùlé?"

Nígbà tó fọ kẹ̀kẹ́ tán lọ́jọ́ náà, mo bá a dé páàkì. Yasir, oníkẹ̀kẹ́ kan tí kò fẹ́ kó tò rárá, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Linus, ó sì ti lọ sọ fún Alhaji pé Suwé kọ orúkọ òrìṣà sára kẹ̀kẹ́. Alhaji rọra yí kẹ̀kẹ́ náà ká, wọ́n ti gíláàsì ojú wọn sókè.

"An-tẹ́-nà. Yasir, òrìṣà wo nìyí?"

Ẹ̀rín sọ.

"Linus ló ṣì í kọ, Alhaji! Athena ni! Ẹ bi í!" Yasir ló ń ké.

Mo gún Suwé nígbọ̀nwọ́ pé kó dákẹ́, kọ́rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ló gbọ́ràn rí?

"Òótọ́ ni, sà. Athena ni mo ní kó kọ. Mi ò sìn ín o, ọmọ mùsùlùmí ni mí, ẹ mọ bàbá mi. Ìtàn rẹ̀ ló wù mí. Wọ́n ní òun àti ọkùnrin tó jẹ́ òrìṣà òkun jọ ń du ìlú kan. Òrìṣà òkun fi ọ̀kọ̀ gún àpáta, omi iyọ̀ tú jáde. Athena gbin igi eléso tí wọ́n ń fún òróró lára rẹ̀."

"Omi iyọ̀ kẹ̀?" Collins, oníkẹ̀kẹ́ tó wà níwájú, ló pariwo. "Like our borehole? Abeg, give me the tree jàre!"

Gbogbo páàkì dà rú. Ta ni kò mọ omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó?

"Ìlú dìbò, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ọkùnrin mú òkun, àwọn obìnrin mú Athena, ìbò ẹyọ kan làwọn obìnrin fi borí. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú ọ̀hún ń jẹ́ dòní."

"Àwọn ọkùnrin wá gbà?" Alhaji ló bi í.

"Wọ́n gbà, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, obìnrin kankan ò gbọdọ̀ dìbò mọ́." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yé mì. "Alhaji, mo mọ kẹ̀kẹ́ wà. Èrò ń pè mí lórúkọ. Òfin páàkì yín, mi ò rú u rí. Ṣé torí pé mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni mi ò fi ní tò?"

Alhaji wo Yasir, wọ́n wo ilẹ̀.

"Kí èèyàn dìbò tán kó tún wá gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tó borí. Ojo ni wọ́n." Wọ́n nàka. "Suwaibat, tò sẹ́yìn Yasir. Ṣùgbọ́n antẹ́nà yẹn, jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè ní mọ́ṣáláṣí."

Suwé la ẹnu láti jiyàn. Mo já a léèékánná, ó pa á dé.

Ó tò. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń jà kí wọ́n jẹ́ kó tò, ìtò ọ̀hún ló tún fẹ́ pa á. Ó tan kẹ̀kẹ́, ó pa á. Ó nu dígí. Ó fọn fèrè.

"Sister, ẹ ṣe sùúrù nà," Yasir bẹ̀ ẹ́ láti iwájú.

Mo pariwo láti òdìkejì títì: "Antẹ́nà! Ṣé ó ń gbé àwòrán wá?"

"Ó ń gbé e wá kedere!" Ó bẹ́ jáde bí ìyá ìjà, ó fọwọ́ lu orí kẹ̀kẹ́. "Malu Road! Malu Road! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"