Pépà Búlúù Nínú Gàrí Ìyá Àgbà

Ẹni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sápò, tí wọ́n gbé òkúta lé lórí fún ọjọ́ mẹ́rin, á mọ òórùn tí mò ń sọ. Ó máa ń ta ni nímú. Òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nìyẹn, tí mo bá sì gbọ́ ọ lónìí, ojú ṣì máa ń tì mí.

Ṣé o rántí àwọn páálí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń polówó lẹ́yìn ìwé ìròyìn àwọn ọmọ òyìnbó, tí èèyàn á fowó ránṣẹ́, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ láti òkè òkun? Tíṣà ni bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo sunkún sí i létí títí ó fi bá mi béèrè fún ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi retí ẹ̀ kí wọ́n tó pè wá ní pósófíìsì. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pépà búlúù tín-ín-rín ló gbà mí lọ́kàn. Ìwé tó bá a wá ní tó bá di pupa nínú omi kan, àsíìdì ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Níbi tí rewáyà ti ń tún mọ́tò bàbá mi ṣe, mo tì í bọ omi bátìrì. Pupa fòò! Bàbá mi já a gbà lọ́wọ́ mi: "Májèlé nìyẹn o! Ó ń bó ni lára!" Ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà họlidé, mo gbé páálí mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà mẹ́ta tó ń ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ dé, ìyá kan láti Ìjagun, tó máa ń ra àpò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, rẹ gàrí díẹ̀ sínú abọ́, ó ń tọ́ ọ wò. Èmi aláṣejù ti pépà bọ̀ ọ́. Ló bá pọ́n. Mo figbe ta: "Ìyá àgbà, ẹ má tà á o! Májèlé inú bátìrì ló wà nínú ẹ̀!" Ìyá Ìjagun tutọ́ dà nù. "Yéè! Kí lẹ fi sí gàrí yìí?" Ó lọ, àwọn méjì tó kù tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà, tí èéfín gàrí yíyan ti ba ojú ẹ̀ jẹ́, dúró tòun ti kóńgò lọ́wọ́. Orúkọ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe ni mo bà jẹ́ yẹn.

Mo ti ń dúró de ẹgba. Àmọ́ ṣe ló lọ já ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé, ó là á sí méjì. "Ti nǹkan ẹ bọ èyí náà." Ó pọ́n. Ó fún ìyókù sẹ́nu, ó gbé e mì. "Ṣé mo kú?" Ó tún gbé omi ògì wá, mo ti pépà bọ̀ ọ́, ìyẹn náà pọ́n. "Ọmọ mi, ohun tó bá ti kan ni pépà ẹ ń mọ̀. Tí kò bá kan, ta ló máa pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú?"

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ bá àwọn oníbàárà náà nílé pé èmi tí mo sọ ọ́ náà ni kí n sọ fún wọn pé kì í ṣe májèlé. Àwọn méjì rẹ́rìn-ín, wọ́n padà wá rà. Ìyá Ìjagun ò ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló ti dáhùn: "Ẹ má bínú, mo lọ́mọ nílé." Mi ò lè bá a jà, ìyá ọmọ ni. Títí Ìyá àgbà fi kú, Ìyá Ìjagun ò ra gàrí ẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà ò sì fi bú mi rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Pépà mi ò parọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìyá tí kò ka ìwé kankan ló kọ́ mi kí n dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀kejì kí n tó lanu. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí. Òun ló jìyà ẹ̀kọ́ náà.