Ẹkún Inú Àwo

Inú tètè máa ń bí Àǹtí Iná. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn ní gbogbo òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ wà, òun náà ò sì janpata, torí ó mọ ara rẹ̀. Oníbàárà tó bá pẹ́ dé, yóò bínú sí i. Èyí tó bá tètè dé, yóò bínú sí òun náà. Omi tí kò gbóná tó ń bí i nínú, èyí tó gbóná jù tún ń bí i nínú. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí èèyàn, kì í fa ẹnikẹ́ni nírun. Ìdí nìyẹn táwọn obìnrin fi ń padà wá, tí wọ́n sì ń fi ìbínú rẹ̀ ṣe ẹ̀rín.

Ìbínú kan wà tí wọn ò gbọdọ̀ fi ṣe ẹ̀rín, ìyẹn ni ìbínú rẹ̀ sí àwo orin kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Ògiri Mẹ́rin. Orin rọ́ọ̀kì ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Oníjìtá, ló kọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó dùn. Àwọn tó ń fi ìdájọ́ orin jẹun ní kò sí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kó lọ tọ́jú etí. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Jìtá ń ké, ìlù ń dún gbì-gbì, ọkùnrin kan ń ráhùn ṣáá pé yàrá òun ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ó lówó iná. Orin kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, èyí tó ń bọ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tó lọ. Ẹni tí kò bá tan ara rẹ̀ jẹ mọ̀ pé oorun ní í máa kun òun títí dé orin tó kẹ́yìn.

Ìparí orin tó kẹ́yìn yìí ni ẹkún ti ń dé. Jìtá á dákẹ́, obìnrin kan á bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún olórin o. Ẹkún gidi ni, irú èyí tí í mú aládùúgbò sá jáde láìwọ bàtà. Á máa wí pé, "Ó ku èmi nìkan! Ó ku èmi nìkan!" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ibẹ̀ ni àwo náà parí sí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo òkìkí rẹ̀ wà. Àwọn onídàájọ́ orin ní akọrin tó gbé ohùn yẹn jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nínú wọn kọ odidi ìwé lórí "ó ku èmi nìkan," ó ní ìṣòro ọmọ aráyé òde òní ló kó sínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ kọ ọ́ sáyà ẹ̀wù. Bí Oníjìtá bá ń ṣeré ní gbọ̀ngàn, gbogbo èrò á jùmọ̀ máa sun ẹkún náà, wọ́n á gbé ife sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Màmá Àǹtí Iná ló ń sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà, tí kò sì dìde mọ́, lọ́jọ́ náà ló sun ún, nínú yàrá ara rẹ̀, nígbà tó rò pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ òun yàtọ̀ sáwọn ará ilé.

Nígbà náà, Oníjìtá ní àṣà kan. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sójú fèrèsé, á tan án, á sì fi í sílẹ̀ láti àárọ̀, kí orin tó bá sọ sí i lọ́kàn má baà bọ́. Nígbà tí Àǹtí Iná kọ́kọ́ gbọ́ àwo náà, ó gba ilé rẹ̀ lọ, ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Oníjìtá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ló gbà á fúnra rẹ̀. Mi ò sí nílé pàápàá. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo rí i pé kò ṣeé jù nù." Àǹtí Iná gba ti ẹ̀rọ gbọ́. Ti pé kò ṣeé jù nù ni kò gbà.

Àtìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí Màmá má gbọ́ ọ láyé. Kò ṣòro púpọ̀. Màmá ò fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, ó ní ariwo àwọn tó jẹun yó ni. Ó gba àwo tí ọmọ rẹ̀ fún un, ó nu eruku orí rẹ̀, ó sì fi í há ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ti fẹ́ fi orin náà sáfẹ́fẹ́, Àǹtí Iná á pa rédíò. Àwọn oníbàárà rò pé ó ń jowú àbúrò rẹ̀ ni. Ó jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá jókòó sórí àga iwájú dígí, ọṣẹ ń hó lórí ewú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń fọ̀ ọ́ fún un. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Ètò kan ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ pè, kí wọ́n dárúkọ àwo rọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé ń yìn tí kò sì tó bẹ́ẹ̀ létí àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn èèyàn. Bàbá kan ní òun ra àwo kan nítorí ohun tí ìwé ìròyìn kọ, abẹ́ ife tíì ló ń gbé báyìí. Obìnrin kan ní òun àti ọkọ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kọra sílẹ̀ lórí òmíràn. Àǹtí Iná pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní, "Ọ̀kan wà o tí ẹnikẹ́ni ò lè dárúkọ níbí. Ògiri Mẹ́rin! Wọ́n ń tún un gbé jáde, ẹ lọ tọ́jú owó yín. Ta ló tó láti sọ pé ìyẹn ò dára?"

Ẹ̀jẹ̀ ru sí Àǹtí Iná lójú. Ó sọ fún Màmá pé òun ń bọ̀, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbé fóònù. Wọ́n gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Màdáàmù. Àwo wo ni tiyín?"

"Ògiri Mẹ́rin," ni Àǹtí Iná wí. "Òfìfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yìn ín, ẹnì kan ló sọ ọ́, gbogbo yín bá gbá tẹ̀ lé e. Orin tí kò lórí, tí kò nídìí!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ha! Ẹ rọra o. Ṣé ẹ gbọ́ ọ dé ìparí? Ṣé ẹ gbọ́ ẹkún yẹn?"

"Ẹkún wo? Ẹ fi ẹkún sílẹ̀! Ẹ sọ̀rọ̀ orin!"

"Ó dáa, ká jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ ṣèdájọ́ láàárín wa. Ẹ tẹ́tí o!"

Ìgbà náà ló yé e, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí omi, ó di àga mú. Kó tó nawọ́ kan rédíò, ẹkún ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun di ojú, ó mi orí, ó ní, "Ó ga o. Orin nìyẹn!"

Àǹtí Iná pa rédíò. Ó wo dígí. Màmá ń wo ara rẹ̀ níbẹ̀, ọṣẹ ń ṣàn bọ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀, kò nù ún.

"Ohùn mi nìyẹn," ni Màmá wí.

"Màmá..."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Àǹtí Iná ò lè parọ́. Màmá ní kó ṣan orí òun, kó fi gèlè wé e, òun ò ṣe irun náà mọ́. Ó dìde. "Pe àbúrò rẹ. Kó wá bá mi nílé lónìí."

Oníjìtá dé pẹ̀lú bàtà aláwọ dúdú àti gíláàsì dúdú tó máa ń wọ̀ fún àwọn ayàwòrán. Ó kí Màmá. Màmá kàn tọ́ka sí ẹ̀rọ àwo tó wà lórí tábìlì. Wọ́n ti yọ àwo náà kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá ní kí wọ́n fi í sí i látìbẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó tì í. Jìtá ké, ìlù dún, Oníjìtá inú àwo ráhùn nípa yàrá rẹ̀, Oníjìtá tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó kan ẹkún, Àǹtí Iná dìde láti pa á. Màmá ní kó jókòó. Ó gbọ́ ẹkún ara rẹ̀ tán, títí ohùn fi há.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Oníjìtá wí. "Ẹ̀rọ ló..."

"Mo rí ọ," ni Màmá wí. "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹnu ọ̀nà lo dúró sí, o gbé nǹkan dúdú kan mọ́ àyà. Mo ní, ọmọ mi ń bọ̀ wá dì mí mú. Mo na ọwọ́ sí ọ. O ò wá. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá pé ẹ̀rù ikú bàbá rẹ ló ń bà ọ́ tí o ò fi lè gbé ẹsẹ̀."

Àǹtí Iná yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O gbé ẹ̀rọ yẹn lọ bá a? O sọ fún mi pé ojú fèrèsé ló wà! O ní o ò sí nílé! O dúró, ò ń gba ohùn ìyá rẹ sílẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ! Olè! Ẹni tó jí ẹkún kó, kí ni kò ní jí?"

Oníjìtá yọ gíláàsì. Ó ní àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí òun, àwọn tí èèyàn wọn kú, wọ́n ní ẹkún yẹn ló jẹ́ kí àwọn lè sun tiwọn. Ó ní irọ́ kọ́, òun lè kó àwọn ìwé náà wá.

"Mo gbà," ni Màmá wí. "Ṣé o bi mí?"

Oníjìtá ń yí gíláàsì náà lọ́wọ́.

"Mo ní ṣé o bi mí?"

"Rárá, Màmá."

"Yọ ẹkún mi kúrò níbẹ̀."

Oníjìtá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Màmá, tí mo bá yọ ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Ó ti pẹ́ tí Àǹtí Iná ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kọ orin náà ló wá sọ ọ́ yìí, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn nínú. Inú túbọ̀ ń bí i ni.

"Èmi náà gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, mo mọ̀," ni Màmá wí. "Yọ ọ́. Kó o tó yọ ọ́, má wọ ilé mi."

Oníjìtá lọ, kò sì padà. Gbogbo ìgbà tí Àǹtí Iná bá ń bu ìpara sí orí èèyàn, òun àti ara rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jà nínú ọkàn rẹ̀. Ó dá a lójú pé àbúrò òun kò ní yọ nǹkan kan. Ta ní í fọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé tó ń gbé? Ó ń bínú sí Oníjìtá, ó ń bínú sí fóònù tó fi pe rédíò, ó ń bínú sí gbogbo ẹni tó ti gbé ife sókè ní gbọ̀ngàn rí.

Ọjọ́ tí àwo náà tún jáde, wọ́n fi orin tó kẹ́yìn sáfẹ́fẹ́. Àǹtí Iná kò pa rédíò. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, òòyà lọ́wọ́. Jìtá dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tó tún dún. Ó ń retí, kò sí ohun kankan, àyàfi omi tó ń kán sínú básíà.

Ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gbà á tán. Ó ní ògbóǹtarìgì kan nínú àwọn onídàájọ́ orin ti sọ pé ìgboyà tó ju ìgboyà lọ nìyí, pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn jinlẹ̀ ju ẹkún lọ, pé Ògiri Mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pé ni. Àǹtí Iná ju òòyà mọ́ rédíò. "Òpùrọ́! Òpùrọ́ ni gbogbo yín! Bí ajá bá gbó síbẹ̀, ẹ ó yìn ín!" Oníbàárà tó wà lórí àga kò mira.

Ó gba ilé Màmá lọ bẹ́ẹ̀, épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn. "Màmá, wọ́n tún ń yìn ín! Wọ́n ní ó tún wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

"Ṣé ó yọ ọ́?"

"Ó yọ ọ́. Èyí tó wà nílé àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn? Wọ́n á ṣì máa..."

"Mo ní ṣé ó yọ ọ́?"

"Ó yọ ọ́, Màmá."

Màmá mí kanlẹ̀. "Pè é, kó wá jẹun."

"Èmi? Ẹ pè é fúnra yín. Mi ò ní nǹkan bá a sọ."

"Ìwọ ni mo rán."

Àǹtí Iná gbé fóònù. Gbogbo èébú tó ti tò jọ wà lẹ́nu rẹ̀, ó mọ èyí tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Oníjìtá gbé e.

"Màmá ní kó o wá jẹun," ni Àǹtí Iná wí.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún, ẹkún burúkú, bí ẹni tí kò sun ún rí láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú.

"Pa fóònù rẹ," ni Àǹtí Iná wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le. "Pa á, kó o sun ún tán. Kò yẹ kí n máa gbọ́ ọ. Tó o bá parí, kó o máa bọ̀."