Ẹni Tó Gbin Agbálùmọ̀ sí Ilé Onílé

Nígbà tí ọkọ mi gbin kóró agbálùmọ̀ sí ẹ̀yìn ilé tí a háyà ní Mile One, ní Port Harcourt, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi bínú. Ta ló ń gbin agbálùmọ̀ sí ilé onílé? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín á ti máa lọ sílé ìwé kó tó so. Ìyá onílé wa, opó ará Okrika tó fi òwò ẹja yíyan kọ́ ilé náà, kùn pé gbòǹgbò rẹ̀ máa fọ́ ògiri àwọn, àmọ́ wọn ò fà á tu. Ìyá yìí le. Wọ́n ní òfin fún omi, wọ́n ní fún iná, wọ́n ní fún ibi tí a ti lè sá aṣọ. Ńṣe ni mo máa ń yẹra fún wọn.

Igi náà ò tíì ga tó orúnkún mi nígbà tí wọ́n mú ọkọ mi. Awakọ̀ ni. Epo dísẹ́ẹ̀lì dín nínú táǹkì ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní òun ló jí i. Kò jí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lè pẹ́, oyún sì wà nínú mi. Ibi tí ọkọ mi máa wà kí ẹjọ́ tó parí ló ń já mi láyà: ilé ni, àbí ẹ̀wọ̀n?

Ní kóòtù, lọ́yà wa sọ pé ẹ̀sùn náà gba béèlì, pé ẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́bi, aláìṣẹ̀ ni lójú òfin. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ tako wa dìde, ó ní àjèjì ni ọkùnrin yìí, Ọ̀ṣun ni ilé rẹ̀, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Adájọ́, obìnrin tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, rò ó títí. Ó ní òun fún un ní béèlì, àmọ́ onídùúró rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sì nílé nínú ìlú yìí. Títí a ó fi rí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni kó máa gbé.

Mo mí kanlẹ̀. Ṣebí a ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a ní àwọn ọ̀gá báńkì àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá mi sunkún, wọ́n sì fi fọ́tò ilé wọn hàn mí: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Iléṣà, ilé ńlá ní Ìjẹ̀bú. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní yàrá kan ní Port Harcourt. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. A wá pẹ́ lóko títí, kò sẹ́ni tó ní ahéré. Inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín.

Mo padà wálé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè bẹ ìyá onílé. Àwọn fúnra wọn ló wá bi mí ohun tí kóòtù sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé àwọn nílé ni. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ní kóòtù, adájọ́ bi ìyá bóyá wọ́n mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá sá, ilé wọn lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Adájọ́ ní kí ló wá dá wọn lójú pé kò ní sá?

"My lord," ni ìyá wí, "dis man plant udara for my backyard. Udara no dey quick bear. Person wey wan run, wetin e dey plant am for?"

Udara ni wọ́n ń pe agbálùmọ̀ níbẹ̀. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá dojú kọ ìwé rẹ̀ kí a má baà rí eyín rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tẹ̀lé wa lọ wo ilé, ìyá sì mú un dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n nàka sí igi kékeré náà. Ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi wálé. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ìyá lẹ́sẹ̀, mo ń sunkún. Wọ́n ní kí n dìde, kí n rántí oyún inú mi.

Gbogbo ọjọ́ tí a bá ní ẹjọ́, ìyá ló ń kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn fọkàn tán ọkọ mi, àmọ́ ilé kan ṣoṣo làwọn ní. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú títí, ẹlẹ́rìí ò yọjú, kóòtù sì dá ọkọ mi sílẹ̀ níkẹyìn. Ọmọ tó wà nínú mi ti ń sáré kiri nígbà náà, ó ń sọ Pidgin bí ẹni pé Okrika la ti bí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, mi ò sì tíì dúpẹ́ tán.

Nígbà tí agbálùmọ̀ náà so, gbòǹgbò rẹ̀ ti fọ́ ògiri lóòótọ́. Mo gbé àkọ́so rẹ̀ lọ fún ìyá. Wọ́n ti darúgbó, wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n mu ọ̀kan, wọ́n dijú, wọ́n ní ó kan. Wọ́n mu ún tán, wọ́n wá fi kóró rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Go plant am for your own land," ni wọ́n wí. "For here."

A gbìn ín sórí ilẹ̀ kékeré tí a rà lọ́nà Choba, ní Port Harcourt níbí. Ògiri tiwa ló ń fọ́ báyìí.